Ìrẹ̀ Àkọ́jẹ Ọyẹ́

"Àjò kì í dùn dùn dùn kí onílé má relé." Ta ni kò mọ òwe yìí nínú wa? Ọmọ tí kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ rí pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Àwọn ará Òkè-Arò ní inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ni ó ti jáde. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn ná kí a tó rẹ́rìn-ín.

Orí òkè ni Òkè-Arò wà, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọyẹ́ eré. Á bó ènìyàn létè, á sì mú kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ya. Àsìkò yìí ni wọ́n ń wa ìrẹ̀ nínú ihò. Wọ́n á já a níyẹ̀ẹ́, wọ́n á yan án, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú ewúro tí wọn kò fọ̀ tán àti ògìrì tí òórùn rẹ̀ ti dé góńgó. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ náà sáwo, itan ìrẹ̀ á máa yọ lójú epo bí ẹni tí ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àlejò tó bá gbóòórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ wò, bóyá òun ti tẹ nǹkan.

Ó ní òfin tirẹ̀ o. Kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìrẹ̀ àkọ́jẹ ọyẹ́ sẹ́nu. Ní àárọ̀, bí gbogbo agbo ilé bá yí iná ká, ẹni tó jù ọ́ lọ ni yóò fi ìrẹ̀ sí ọ lẹ́nu, yóò sì kì ọ́. Àgbà tí kò ní ẹ̀gbọ́n kankan láyé mọ́, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni yóò fi í sí i lẹ́nu. Ẹni tí wọn kò bá tíì ṣe èyí fún kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọbẹ̀ náà.

Ìlú yìí ni Dáhùnsi gbẹ́nàgbẹ́nà ti wá. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, opó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọba ìlú kan létí ọ̀sà gbọ́ òkìkí ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ó wá bá òun gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó ààfin. Dáhùnsi sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní pẹ́. Àbí ta ni í lọ sí àjò tí í sọ pé òun yóò pẹ́?

Àjò náà dùn. Kí a má purọ́. Ẹja tútù láàárọ̀, ẹja yíyan nírọ̀lẹ́. Bí ó ti ń gbẹ́ ilẹ̀kùn tán ni wọ́n ń gbé òpó fún un, ọdún sì ń gorí ọdún. Ẹfúnyẹlà, ìyá arúgbó tó gbà á sílé, ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Níkẹyìn, ọba ní òun yóò fi í jẹ olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, òun yóò sì fún un ní ilé àti ilẹ̀. Ohun kan péré ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti jẹ oyè ààfin kò gbọdọ̀ fi ìlú náà sílẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Dáhùnsi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Oyè ku díẹ̀ ni ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ etí ọ̀sà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí Dáhùnsi ti jáde láàárọ̀ tí ó lá ètè rẹ̀, tí ó rí i pé ó ti bó, àárò ilé sọ ọ́. Itọ́ ọbẹ̀ ìrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó ní bí òun bá lè jẹ ẹ́ níhìn-ín kí ó sì dùn, a jẹ́ pé ibí náà ti di ilé, òun yóò sì jẹ oyè náà.

Ó wa iyanrìn títí ó fi rí ìrẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn rù bí aláìsàn. Ó se ògìrì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ó ṣí ewé ògìrì náà, àwọn ará ilé ń ká ẹní, wọ́n ń ti àpótí, wọ́n ń wá òkú eku kiri.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹyọ kan sí mi lẹ́nu," Dáhùnsi bẹ Ẹfúnyẹlà.

"Kòkòrò yìí?" Ìyá àgbà fọwọ́ di imú. "Ó dáa. Nítorí tìrẹ ni o."

Ó wé ewé mọ́ ìka, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìrẹ̀ sí i lẹ́nu. Dáhùnsi kò tíì jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ kì mí."

Ẹfúnyẹlà ronú títí. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì rẹ̀. Ó ní, "Àlejò wa. Àlejò wa àtàtà, jẹ ẹ́ o."

Dáhùnsi jẹ ẹ́. Bí èédú ló rí lẹ́nu rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó ń wò ó sì rò pé ata ni.

Ó gba ààfin lọ. Ọba bi í pé, "Kí ni a kò ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, kò sí. Àjò yìí dùn. Ṣùgbọ́n kò dùn dùn dùn kí onílé má relé."

"Ẹni tí ilé bá ń pè, àwa kọ́ ni a ó di í létí," ọba ní. "Máa lọ."

Gbogbo ọ̀nà ni Dáhùnsi fi ń bẹ̀rù pé bóyá ìyá òun ti kú. Ọyẹ́ ti ń lọ sópin nígbà tí ó gun òkè délé. Ó bá Àwẹ̀ró nídìí iná láàárín àwọn ọmọ ilé, ó ti hewú, ó ti gbẹ. Dáhùnsi dọ̀bálẹ̀ kí i, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì la ẹnu kalẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ.

"Pa ẹnu dé," ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi tó gbẹ̀yìn kú nígbà tí o wà lọ́hùn-ún. Èmi ni àgbà ilé yìí báyìí. Láti ìgbà náà, òórùn ọbẹ̀ yìí nìkan ni mo ń gbọ́. Àbí o rò pé ìwọ nìkan ni ebi ìrẹ̀ ń pa?"

Dáhùnsi mú ìrẹ̀ kan nínú àwo. "Àwẹ̀ró, ọmọ orí òkè tí í kọ́kọ́ rí oòrùn, ẹ gbà." Àwẹ̀ró fi ìwọ̀nba eyín tó kù rún un, ó pẹ́ kí ó tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀. "Àjàgbé," ó fi oríkì pè é, "ọmọ a-fi-àáké-kí-igi."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí àjò gbè, tí ó ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kí òun tó wálé, wọ́n á ní, "Àjò kì í dùn dùn dùn kí onílé má relé." Wọn kò bú àjò rẹ̀. Wọ́n ń rán an létí pé ẹnìkan wà nílé tí kò tíì jẹun.