Ẹ̀wà Ọjọ́ Méje ní Ìmẹ̀rì

Ojú rí i, ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ọkàn kọ̀ ọ́: ohun tí awo wí nìyí fún Mosúnmọ́lá, ní ọjọ́ tí ó dúró síwájú òpó ilé tí ó ń rún sílẹ̀ bí èlùbọ́, tí ìwé àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń wí pé òpó náà le bí òkúta.

Ẹnjiníà ni Mosúnmọ́lá. Ìjọba ló rán òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Gbádégẹṣin, lọ sí ìlú Ìmẹ̀rì, kí wọ́n máa ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó ń kọ́ ilé méjì níbẹ̀, kí ó má baà ja ìlú lólè. Ilé ìgbẹ̀bí wà lábẹ́ Mosúnmọ́lá. Ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa gbé wà lábẹ́ Gbádégẹṣin. Wọn kò gbọdọ̀ gbé àjà kejì lé ìkíní láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé náà fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí Mosúnmọ́lá fọwọ́ sí tirẹ̀.

Ìpọ́njú rẹ̀ nìyí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á bu kọnkéré sínú àpótí irin kékeré, wọ́n á jẹ́ kí ó le, wọ́n á rì í sómi, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi fọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì yege. Ṣùgbọ́n bí Mosúnmọ́lá bá ti fi kọ́kọ́rọ́ họ òpó, yanrìn á máa dà. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, èsì kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe kò fi rìbá lọ̀ ọ́ rí. Ká ní ó fi lọ̀ ọ́ ni, ì bá mọ ohun tí òun yóò ṣe. Ọkùnrin náà kàn ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni, ó ń gbé àga fún un sábẹ́ ibòji, ó ń fi iyán àti ẹran ìgbẹ́ gbà á lálejò. Orí Mosúnmọ́lá dàrú pátápátá. Bí ó bá fọwọ́ sí i, tí ilé wá wó lu aboyún ńkọ́? Bí ó bá sì kọ̀, ẹ̀rí wo ni yóò fi hàn? Wọn yóò gbé e kúrò, ẹlòmíràn yóò sì wá fọwọ́ sí i.

Ilé Ìyá Efúnwándé ni àwọn méjèèjì wọ̀ sí. Àgbà obìnrin ni, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni ó sì fi ń ṣe àyẹ̀wò fún ará ìlú. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí.

“Ọmọ mi, ó di ọjọ́ mẹ́ta tí o ti ń yí òkèlè kiri inú àwo. Kí ló dé?”

Mosúnmọ́lá rò fún un. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, méje ló ṣíjú sókè.

“Òdí ni,” ni ìyá wí. “Ohun tí ò ń wá kò sá pamọ́, ìwọ lo jìnnà sí i. Ẹbọ ni kí o rú. Se ẹ̀wà fún ọjọ́ méje, kí o fúnra rẹ rù ú lọ bá àwọn tí ń ru kọnkéré. Bá wọn jẹ ẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú abọ́ kan náà. Má ránṣẹ́ ṣíwájú, má sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.”

“Ẹ̀wà nìkan, mà?”

“Ẹ̀wà, pẹ̀lú àga tí wọ́n ń gbé fún ọ. Méjèèjì ni ẹbọ.” Ìyá kọjú sí Gbádégẹṣin. “Ìwọ náà gbọ́ o. Ẹbọ kan náà ni.”

Gbádégẹṣin bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Ṣé torí kí n lè máa pín ẹ̀wà fún lébìrà ni mo ṣe kàwé tó báyìí?”

Lọ́jọ́ kejì ó fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àjà kejì ilé àwọn nọ́ọ̀sì.

Mosúnmọ́lá rú ẹbọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé e rárá. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ru ìkòkò dé, agbaṣẹ́ṣe sáré gbé àga wá. Ó ní rárá, ó jókòó sórí yanrìn. Ọkùnrin náà rò pé sàárà lásán ni, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá Jíńádù, àgbàlagbà tí ó ń po kọnkéré, ní, “Ẹ dìde nílẹ̀, mà, aṣọ yín á bàjẹ́.” Kò dìde. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jẹun tán, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó mọ̀ pé Àṣàkẹ́, obìnrin tí ń ru kọnkéré, kì í jẹ ẹ̀wà láìbu gàrí lé e. Ojú ti Mosúnmọ́lá: oṣù mẹ́rin ni ó ti ń kọjá lára àwọn èèyàn wọ̀nyí, kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Síbẹ̀ ọjọ́ ń lọ, kò sì rí ohun tí ẹ̀wà fi kan òpó.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àṣàkẹ́ ń nu abọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ẹ̀yin mà kóni mọ́ra o. Àwa ti rò pé tàlejò nìkan lẹ mọ̀.”

“Tàlejò wo?”

“Kọnkéré àlejò. Tí wọ́n bá ti ní ẹ ń bọ̀, Bàbá Jíńádù á po tiyín lọ́tọ̀, á bu sìmẹ́ǹtì sí i dáadáa. Òun la máa ń dà sínú àpótí yín. Ti ojoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.”

Bàbá Jíńádù mi orí, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ṣé ọbẹ̀ ìjẹta lèèyàn á bù fún àlejò ni? Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo.”

Ìgbà náà ni ó yé Mosúnmọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ ṣíwájú. Òun ló ń jókòó sórí àga títí wọ́n á fi gbé kọnkéré wá bá a. Inú bí i sí ara rẹ̀ ju bí ó ti bí i sí agbaṣẹ́ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ti ojoojúmọ́ láti inú páànù orí Àṣàkẹ́ sínú àpótí. Ó parí ẹbọ ọjọ́ méjì tó kù, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Agbaṣẹ́ṣe bá kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí kọnkéré inú àpótí le tán, Mosúnmọ́lá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò tíì tẹ̀ ẹ́ rinlẹ̀ tí ó fi di ẹ̀tù.

Ó kọ̀wé sí ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì sáré tọ Gbádégẹṣin lọ. “Gba ìwé rẹ padà. Dá wọn dúró lónìí.”

“Kí n wá sọ fún ìjọba pé ẹ̀wà lébìrà ló là mí lójú? Jẹ́ kí ìwé tìrẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ná.”

Ìwé kò tíì dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òpó ilé àwọn nọ́ọ̀sì yẹ̀, àjà kejì sì já lé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n hú òkú méjì jáde, wọ́n tẹ́ wọn sórí koríko, wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò wọ́n. Ọlọ́pàá mú ìwé àti kálàmù jáde, ó bi Gbádégẹṣin ní orúkọ wọn.

“Lébìrà ni wọ́n,” ni Gbádégẹṣin wí.

Mosúnmọ́lá ló kúnlẹ̀, tí ó ṣí àpò kúrò lójú wọn. “Bàbá Jíńádù nìyí. Ìyá yìí ni Àṣàkẹ́.”

Ẹni tó rúbọ rí ire: wọ́n wó ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n tún un kọ́, ó dúró gbọn-in, Mosúnmọ́lá sì di olórí àwọn alábẹ̀wò. Agbaṣẹ́ṣe wà lẹ́wọ̀n. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín kábàámọ̀: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbádégẹṣin, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló ń pa á lẹ́kún. Orúkọ méjì ni, tí kò mọ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó mọ̀ wọ́n.