Ẹnu Ọ̀gá Kì í Ti Omi

Bí ẹni tó wà nípò àṣẹ bá dúró níwájú àwọn ará Òkè-Ọ̀pẹ, tó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti sọ pé kò séwu," kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi dá a lóhùn pé, "Ẹnu ọ̀gá kì í ti omi." Àlejò tó bá wà níbẹ̀ á máa wojú ẹni tó sọ̀rọ̀. Ta ló fẹnu ti omi rí? Ṣebí ọwọ́ ni gbogbo ayé fi ń ti omi ẹ̀rọ. Kí ló wá kan ẹnu, kí ló sì kan ọ̀gá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà nídìí, ìdí rẹ̀ sì ń bí mi nínú títí dòní, nítorí ara ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ wa lówe yìí.

Ilé-iṣẹ́ epo pupa kan wà ní Òkè-Ọ̀pẹ nígbà kan. Alhaja Sífáwù ló ni ín. Ìkòkò irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà wà nínú ọgbà rẹ̀, inú rẹ̀ ni omi ti ń hó, páìpù sì ń gbé omi híhó náà tòun ti ooru rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn. Omi inú páìpù yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ omi inú ìkòkò ọbẹ̀ o. Tipátipá ló fi ń wá ọ̀nà àtijáde, bó bá sì ríhò, kì í ṣàn, ńṣe ló ń fò. Ọ̀jẹ̀dìran àti Ráímì ló ń tọ́jú páìpù náà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ife kan náà ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀.

Wọ́n ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Kí wọ́n tó tú páìpù, wọ́n á kọ́kọ́ ti fáàfù, ìyẹn irin ọrùn páìpù tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti dínà omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí ẹ̀rọ omi kékeré kan tó wà láàárín fáàfù náà àti ibi tí wọ́n fẹ́ tú. Bí nǹkan kan kò bá jáde níbẹ̀ mọ́, páìpù ti ṣófo. Bó bá ń súfèé, kí oníkálùkù ká irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, kó padà sẹ́yìn.

Nígbà tí fáàfù àtijọ́ bàjẹ́, Ọ̀gá Adégòróyè, tí Alhaja fi ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, lọ mú òmíràn jáde nínú yàrá ẹrù. Ọ̀jẹ̀dìran yẹ fáàfù náà wò.

"Ọ̀gá, omi tútù ni wọ́n ṣe èyí fún. Ooru á jẹ ẹ́ nínú."

"Fáàfù ni fáàfù ń jẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Àbí ìwọ lo rọ ọ́?"

Wọ́n dè é mọ́ páìpù. Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán níbi tí páìpù méjì ti so pọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ sídìí fáàfù, ó yí i títí kò fi yí mọ́, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo ti tì í. Ẹ tú u."

Ráímì bẹ̀rẹ̀ láti ṣí ẹ̀rọ kékeré. Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá omi ti tán ni, sà."

"Mo ní mo ti tì í! Irọ́ ni mo wá ń pa fún ọ, pẹ̀lú ewú orí mi yìí?"

Ẹ ò rí nǹkan bí? Láàárín wa níhìn-ín, bí àgbà bá ní òun ti ṣe é, ẹni tó bá tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò ti pè é lópùrọ́. Ọwọ́ Ráímì ṣì wà lára ẹ̀rọ náà. Ó wo ojú Ọ̀jẹ̀dìran. Ọ̀jẹ̀dìran mọ irú fáàfù tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ráímì, fi sílẹ̀," ló sọ. "Àgbà ti sọ̀rọ̀."

Ráímì fi sílẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì kan níbi tí páìpù ti so pọ̀, ó tú èkejì. Bó ṣe dé orí ẹ̀kẹta ni páìpù lanu, omi híhó sì fò bò ó láti ọrùn títí dé ọmọ ìka ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ igbe rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, Wúlẹ̀mótù ìyàwó rẹ̀ wá sílé Ọ̀jẹ̀dìran. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Wọ́n ní Ọ̀gá ti sọ fún Alhaja pé ọkọ mi ló kánjú tú páìpù. Lọ́la ni wọ́n máa lé e kúrò níṣẹ́, tòun ti orúkọ burúkú. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

Ọ̀jẹ̀dìran kò lè wò ó lójú. Inú ń bí i sí Ọ̀gá, àmọ́ inú ń bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alhaja pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú bọ́ílà. Wọ́n ti de páìpù padà, omi sì ti tún ń hó. Ọ̀gá sọ tẹnu rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í, Alhaja. Àìfarabalẹ̀ Ráímì ló ṣe é léṣe."

Ọ̀jẹ̀dìran jáde láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá tún un tì lójú wa, bí wọ́n ṣe tì í lọ́jọ́ náà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó yí fáàfù títí kò fi yí mọ́. "Mo ti tì í."

"Ẹ ṣeun, sà." Ọ̀jẹ̀dìran fọwọ́ méjèèjì gbé sípánà fún un. "Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ síbi tí Ráímì bẹ̀rẹ̀ sí, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì kan péré."

Ọ̀gá gba sípánà. Ó wo páìpù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ... ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ kékeré yẹn wò ná," ló wí.

"Ẹ̀rọ wo?" Alhaja béèrè.

"Èyí tí Ráímì fẹ́ ṣí ni!" Ọ̀jẹ̀dìran kígbe, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òun náà ni Ọ̀gá ní ó fi ń pe àwọn lópùrọ́! Nítorí ọwọ́ tiwọn, ó yẹ kí a ṣí i wò, àmọ́ nítorí ọwọ́ Ráímì, kò yẹ! Èmi náà jẹ̀bi, Alhaja. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ nítorí pé àgbà ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ omi kò mọ àgbà. Ẹnu ọ̀gá kì í ti omi!"

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi igi gígùn ti ẹ̀rọ kékeré náà ṣí. Ooru funfun súfèé jáde, èrò sì fọ́n ká.

Nígbà tí bọ́ílà tutù, wọ́n tú fáàfù náà. Irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dínà omi ti já kúrò lára ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, ó ti ṣubú sínú páìpù. Òfìfo ni Ọ̀gá ń yí. Òótọ́ ni pé ó yí i. Ìkà ibẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó bóyá omi gbọ́.

Alhaja gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ra fáàfù méjì tí wọ́n ṣe fún ooru, wọ́n dè wọ́n tẹ̀ léra, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sáàárín. Ẹni tó bá fẹ́ tú páìpù á fi àgádágodo ara rẹ̀ de ọwọ́ fáàfù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí Ráímì fi máa ti ọsibítù dé, ọmọ ìka rẹ̀ kò nà mọ́, kò lè di sípánà mú. Òun ni Alhaja fi ṣe alábòójútó, kò sì sẹ́ni tó lè tú nọ́ọ̀tì kan àfi bí Ráímì bá ti rí ẹ̀rọ kékeré ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ń kánjú, Alhaja fúnra rẹ̀ dé ìdí páìpù. "Ráímì, jẹ́ kí wọ́n tú u. Mo ti ní kí wọ́n tì í."

Ráímì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ká kò sókè, kí Alhaja lè rí i dáadáa.

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹnu ọ̀gá kì í ti omi."

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀rọ kékeré náà fúnra rẹ̀.