Ẹ̀rọ Ìgékoríko Tí Wúràọlá Yàn

Lọ́dún tó kọjá, iná ìgbẹ́ jó ọgbà Wúràọlá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó pinnu pé tọdún yìí kò ní bá koríko nílẹ̀. Ó wa katakata àtijọ́ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń so mọ́ katakata nídìí.

Ọkùnrin tó ń tajà nawọ́ sí èyí tó fẹ̀ jù. “Ìyá, irú rẹ̀ ni Láòyè aládùúgbò yín rà. Ọjọ́ kan péré lẹ máa fi gé e tán.”

“Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́,” ni Wúràọlá fèsì. “Katakata mi ti darúgbó. Kékeré yẹn ni kí o so fún mi.”

Nígbà tó wọ́ ọ délé, Láòyè fi í rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Wúràọlá fi gé koríko, ẹ̀yìn ń dùn ún, síbẹ̀ kò dúró. Katakata Láòyè, tó gbó bíi tirẹ̀, wọ́ ẹ̀rọ ńlá náà dé ìdajì ọgbà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì kú pátápátá.

Lọ́sẹ̀ kejì, iná dé. Láòyè àti ìyàwó rẹ̀ ru ẹrù wọn sá wá sórí ilẹ̀ tí Wúràọlá ti gé mọ́lẹ̀. Ó tẹ́ ẹní fún wọn.