Imú Ajá àti Àwo Tí Ológbò Kò Ṣí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun yó. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò yà sóko, kò yà sódò, ó di ẹnu ọ̀nà Ajá, ó jókòó ti Àwẹ̀ró ìyàwó Ajá lẹ́bàá ààrò. Bí mo bá ń kọrin, "Fínrínfín" lẹ ó máa gbè. Ẹ má pariwo jù, nítorí ọ̀rọ̀ Ajá yìí nìkan tó láti fọ́ni lórí.

Láyé àtijọ́, Ajá kì í gbóòórùn oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀, tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ó fi mọ́ínmọ́ín méjì pamọ́ sábẹ́ ẹní kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tó rántí, ó ti ń yọ̀ bí ilá. Ajá jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀lé e. Odidi ọjọ́ kan ló fi ń lọ sẹ́yìn ilé, tó ń bọ̀, tó tún ń lọ. Àwẹ̀ró ló ń pọnmi, Àwẹ̀ró ló ń gbálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara Ajá yá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò yá.

Àwẹ̀ró gbé ògì gbígbóná síwájú rẹ̀. Ajá na imú sí i, ó fà á sẹ́yìn.

"Ìyá Ìgè, ìgbà wo lo po ògì yìí?"

"Nísinsìnyí ni. Ṣé o ò rí èéfín lára rẹ̀ ni?"

"Ṣé o fọ ìkòkò?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ta ló dé e?"

"Èmi ni mo dé e, Bàbá Ìgè."

"Ṣé o fọ ìdérí?"

Àwẹ̀ró bu omi, ó fọ ìdérí lójú rẹ̀. Ajá tún gbóòórùn. Ó ní inú òun ti ń kùn. Oúnjẹ tí kò tíì kan ètè ẹ̀ o! Ó gbé ògì, ó dà á sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Ajá rí ògì, ó sá.

Ká ní òun nìkan ló ń febi pa ara rẹ̀ ni, Àwẹ̀ró ì bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé Ajá, ọmọ kì í fọwọ́ kan àwo kí bàbá tó mú òkèlè àkọ́kọ́. Bàbá ò mú, ọmọ ò lè mú. Ìgè, ọmọkùnrin wọn, ń jókòó ti àwo, ó ń gbé itọ́ mì. Àìná, àbíkẹ́yìn, ń wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo inú ọbẹ̀ bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀.

Àwẹ̀ró bu ẹ̀wà díẹ̀ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Ajá gbóòórùn ẹ̀wà lẹ́nu wọn. Ṣé ó bínú? Ì bá sàn kó bínú. Ẹkún ló bú sí. Ó ní májèlé ti wọ àwọn ọmọ òun lára. Ó gbé epo pupa, ó rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu, ó dì wọ́n mú títí wọ́n fi bi ẹ̀wà náà jáde. Àwẹ̀ró ló tún nu ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú u, ó sú u débi pé ó jókòó sílẹ̀, ó fi àkísà bojú.

Ibẹ̀ ni Ológbò, ọ̀rẹ́ Ajá, bá wọn.

"Ọ̀rẹ́ mi," Ológbò wí, "ṣé ẹlẹ́mu a máa gbé ẹmu fún àlejò láì kọ́kọ́ mu ún? Jẹ́ kí n máa tọ́ oúnjẹ yín wò. Bó bá máa pani, èmi ni kó pa."

Omijé bọ́ lójú Ajá. Àwẹ̀ró pàápàá, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun." Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọkọ, ọkọ ni. Ó se ẹja tútù lọ́jọ́ náà, ó fi ata àti ìrù sí i, òórùn rẹ̀ ń pe ará ọ̀nà. Ológbò ṣí àwo. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó dijú. Ó mi irùngbọ̀n. Ó bá fi orin sí i:

Ajá o, má jẹ ẹ́ o,
*Fínrínfín.*
Òórùn tí mo gbọ́ nínú àwo,
*Fínrínfín.*
Kò dùn mọ́ mi nímú,
*Fínrínfín.*
Inú rírun ló sùn síbẹ̀,
*Fínrínfín.*
Má jẹ ẹ́, má jẹ́ kọ́mọ jẹ ẹ́,
*Fínrínfín, fínrínfín.*

Ajá ti àwo náà sẹ́yìn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ má dà á sẹ́yìn ilé o," ni Ológbò wí. "Adìyẹ aládùúgbò á jẹ ẹ́, á kú, ọ̀ràn á dé. Ẹ gbé e fún mi, n ó lọ sin ín sínú igbó."

Ó gbé àwo ẹja náà lọ. Kò jẹ́ kí omi ọbẹ̀ kan kán sílẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló ń rọra gbé májèlé báyìí? Ó sọ fún Ajá. Ajá ní kó dákẹ́, pé Ológbò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí àwọn.

Ọjọ́ kejì, iṣu. Fínrínfín, Ológbò gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀wà. Ológbò gbé e lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, kò tún ṣí àwo mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń dá orin. Ó ń jẹ, ó ń yó, ó kó ìyókù sínú ìkòkò ńlá lábẹ́ ibùsùn. Ẹja lórí iṣu, ẹ̀wà lórí ẹja. Ooru mú, ìkòkò ń ru, Ológbò ò dà á nù. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn. Ó fa ìkòkò náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó jẹ ẹ́ débi ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje yẹn kan náà, Àìná fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ìgè gbé e jókòó, òun náà bá a jókòó. Àwẹ̀ró wo inú àká. Iṣu kan ló kù. Bí èyí bá tún bá Ológbò lọ, Àìná ò ní rí ọ̀la.

Kò sunkún mọ́. Ó se iṣu náà, ó fi í pamọ́ sórí ààrò. Ó wá mú ọmọ ọlọ, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó gbé e sínú àwo, ó dé e.

Ológbò dé. Ó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ rìn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rí àwo tí wọ́n dé, ó dá orin láti ẹnu ọ̀nà: Inú rírun ló sùn síbẹ̀, Fínrínfín.

"Ọkọ mi," Àwẹ̀ró wí, "kí ló wà nínú àwo?"

"Iṣu ni. Iṣu tó ti bàjẹ́. Ẹnu mi ṣì ń korò."

"Ẹ ti tọ́ ọ wò?"

"Mo ti tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró ṣí àwo. Ajá na ọrùn. Ọmọ ọlọ ló jókòó síbẹ̀, ó ń dán. Inú Ológbò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: gbùrùrù. Ó yíjú, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ajá tẹ̀lé e. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì wa iyẹ̀pẹ̀ bo ohun tó ṣe, kánkán, kánkán, kí Ajá má bàa gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbọ́, ta ló ń fi iyẹ̀pẹ̀ tan imú Ajá jẹ? Ajá dorí kodò. Ó gbóòórùn ẹja wọn. Ó gbóòórùn iṣu wọn. Ó gbóòórùn ẹ̀wà wọn. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tilé rẹ̀, ilé Ológbò ló ti lọ bàjẹ́. Ó gbó mọ́ Ológbò lẹ́ẹ̀kan, Ológbò gun igi.

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró gbé iṣu gbígbóná kalẹ̀, àwọn ọmọ yí i ká. Ajá gbóòórùn rẹ̀. Ó tún fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá Ìgè, ìkòkò yìí, ṣé o..."

"Mi ò dáhùn mọ́," Àwẹ̀ró wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo ti fọ ìkòkò, mo ti fọ ìdérí, mo ti fọ òkúta. Bí mo bá fọ odò pàápàá, wàá tún bi mí. Imú tó rí òtítọ́ lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ṣé kò ní rí i nínú àwo ni? Gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá bàjẹ́, fi í sílẹ̀. Bí kò bá bàjẹ́, jẹ ẹ́. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wo Àìná."

Ajá wo Àìná. Àìná kò wo iṣu. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀rù Ajá kò lọ o. N ò ní purọ́ fún yín. Ó fi ẹ̀rù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu, ó fi iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbé e mì. Kí ó tó mú òkèlè kejì, Ìgè ti bu ti Àìná sí i lẹ́nu. Àwẹ̀ró jókòó ti ààrò, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó dá orin tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

Ajá o, gbóòórùn rẹ̀ o,
*Fínrínfín.*
Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó,
*Fínrínfín.*
Ọmọ ń wo ẹnu ẹ,
*Fínrínfín, fínrínfín.*

Láti ọjọ́ náà ni Ológbò kì í lọ sẹ́yìn ilé kó má wa iyẹ̀pẹ̀ bo ohun tó ṣe. Láti ọjọ́ náà sì ni, ẹ gbé oúnjẹ síwájú Ajá, ẹ wò ó. Á gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á jẹ ẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kan sínú rẹ̀, kí ọbẹ̀ tí mo fi sórí ààrò kan kí n tó délé. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó bá mi kálọ, kó wá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o.