Ojú Tí A Gbé Kọ́ Ògiri

“Ẹ gbé e padà sórí àjà, kí ẹnu mi tó sọ ohun tí etí yín ò ní lè gbà.”

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ohùn Àwẹ̀ró ti ń ta, ó dé ilé kẹta. Láṣebìkan ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Orí àpótí ló dúró sí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fa àwọn ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilé wọn jáde láti inú èéfín bí ẹni ń ká obì. Èyí tó bá fà yọ, á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á gbé e sílẹ̀. Ilẹ̀ ti kún fún ojú: ojú obìnrin tó wé gèlè, ojú ọkùnrin tó kọ ilà, ojú ọ̀bọ tó yọ eyín síta.

“Ta lò ń pariwo mọ́?” Láṣebìkan ní. “Ère tèmi, àjà tèmi.”

“Àjà tiyín ni. Iná abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

Láṣebìkan tún fa ojú mìíràn yọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká sọ ohun tó gbé wa dé ilé ìdáná onílé. Àwọn àgbà a máa wí pé: ojú tí a gbé kọ́ ògiri, ẹ̀yìn ni ikán ń gbà jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ti wí i tán, àgbà á mi orí, ọmọdé á la ẹnu sílẹ̀. Ojú ta ló ń bẹ lára ògiri? Ikán tó ń jẹ igi, kí ló fẹ́ fi ojú ṣe? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mi orí gan-an ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé ọ̀tá tó ń bani jẹ́ lẹ́yìn ni òwe ń bá wí. Kò kan ọ̀tá rárá. Ilé Láṣebìkan l'Ókè-Ìrókò ni òwe náà ti jáde, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì gbà.

Láṣebìkan mọ gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Òun àti Ẹgúnjọbí, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ni wọ́n jọ ń jó, nítorí gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìlú náà kì í dá jó. Méjì méjì ló ń jáde. Bí ọ̀kan bá gbé ẹsẹ̀, èkejì á gbé e, ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì á dún bíi pé ẹnì kan ló so ó. Ìtì igi ọ̀mọ̀ kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére là sí méjì tó fi gbẹ́ ère tí wọ́n ń gbé sórí jó, obìnrin méjì tó jọra, tí ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Ọ̀rẹ́ ni Láṣebìkan àti Ẹgúnjọbí kí wọ́n tó di àna, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀wọ̀ àna han ara wọn. Èébú ni ìkíni wọn. Ọjọ́ tí ẹnì kan ò bá bú èkejì, ara rẹ̀ ò yá ni.

Bí eré ọdún bá ti parí, gbogbo ère agbo ilé, àti ti Ẹgúnjọbí pẹ̀lú, á padà sórí àjà ilé ìdáná Láṣebìkan, lókè ààrò. Ìyá Láṣebìkan ló ń mójú tó wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, Àwẹ̀ró gba iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Lásìkò òjò tí ikán ń rìn, a máa ju ewé tútù sínú iná kí èéfín lè ki, á sì jókòó tì í títí ojú rẹ̀ á fi máa da omi. Omi ojú èéfín ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Nígbà tí ọdún bá tún dé, wọn á gbé ère sọ̀kalẹ̀, wọn á fọ èéfín kúrò, wọn á kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Àwọn ará ìlú á ní, “Láṣebìkan, ère yín yìí gbó, kò sì bàjẹ́.” Láṣebìkan á ní, “Igi rere ni.”

Owó kòkó ló jẹ́ kí Láṣebìkan kọ́ ilé tuntun síwájú ilé àtijọ́, ilé páànù tó fi ẹfun kun ògiri rẹ̀ títí tó fi funfun bí eyín. Ọkùnrin kan tó wá ra kòkó láti ìlú ńlá jókòó sí pálọ̀ náà, ó wo ògiri yíká, ó ní àwọn ọlọ́lá ìlú tòun a máa gbé ère kọ́ irú ibi báyìí, àlejò á máa wò ó, wọn á máa yin onílé. Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò lọ.

Bí Láṣebìkan ṣe dé orí àpótí nìyẹn.

Ó kan èèkàn igi mọ́ ògiri amọ̀ yíká pálọ̀, ó gbé ojú kọ́ wọn. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tirẹ̀ ló gbé sí ọ̀kánkán àga tó ń jókòó sí. Ó ku ti Ẹgúnjọbí nílẹ̀ nígbà tí oníǹkan wá mú un.

“Gbé e máa lọ jàre, àna,” Láṣebìkan ní. “Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, mi ò tíì ráyè fọ̀ ọ́. Bóyá wàá rí i fi dẹ́rù ba àwọn ewúrẹ́ yín.”

“Orí rẹ tó dàbí igbá ẹmu yìí ti ń dẹ́rù bà wọ́n. Ta ló máa wá bá mi jó?”

“Èmi náà ni. Ṣé ẹsẹ̀ mi ni mo gbé kọ́ ògiri?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n rín in pọ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń ya wá. “Ojú tó bá ti wo gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran,” ni Láṣebìkan ń wí fún wọn, “pálọ̀ mi ni òpin ìran ń gbé.” Wọ́n yìn ín, wọ́n mu ẹmu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran tí kì í yí padà, ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn fẹ́ wò ó? Òfin ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti ààfin lọ. Má fara ti ògiri. Má fa tábà, èéfín ń ba ẹfun jẹ́. Ọmọ ta nìyẹn, ẹ mú un jáde. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níta kí i. Nígbà tó ṣe, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń juwọ́ sí i. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà lọ sóko.

Ó kan Àwẹ̀ró náà. Láṣebìkan ní èéfín ilé ìdáná ń gba fèrèsé wọlé wá bá ẹfun òun, kó kó ààrò rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Àwẹ̀ró wò ó, ó wo ògiri, ó kó o lọ. Bándélé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà lóko ọ̀nà jíjìn, ìyàwó àti ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀; kò sẹ́ni tí yóò bá wọn dá sí i.

Ọdún gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé. Ẹgúnjọbí wọlé, ó ti di aṣọ mọ́dìí. “Ẹlẹ́rìn-ín dà? Gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ti yá.”

Láṣebìkan wo ère náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Ètè rẹ̀ ń dán bí ẹni tó jẹ epo. “Òógùn á ba ọ̀dà yìí jẹ́,” ó ní. “Eruku ọjà náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí tèmi sinmi lọ́dún yìí.”

“Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í dá jó.”

“Wá ẹlòmíràn.”

Ẹgúnjọbí kò bú u. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba Láṣebìkan lẹ́rù. Ó kàn ní, “Ó dàbọ̀ o, Bàbá Bándélé,” bí ẹni tó ṣèèṣì yà sílé tí kò mọ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ eré, ìlù ń wọlé láti ọjà. Láṣebìkan ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó sí àga rẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò sáré wá sọ pé eré kò ṣeé ṣe láìsí òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù lọ lábẹ́ àga. Ìlù yí padà, ariwo àwọn obìnrin sọ, ó mọ ibi tí eré dé, ó mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé níbẹ̀. Ẹnì kan ti ń gbé e. Ojú gbogbo wà lára ògiri, wọ́n ń wò ó. Obìnrin tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó kí i. Bó ti kí i tán, ó yọjú síta wò, bóyá ẹnì kan gbọ́.

Ebi ló gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. “Ìyá Bándélé,” ó pè. Ó tún un pè. Eérú nìkan ló bá lábẹ́ igi ọsàn, ó fi ìka kàn án, ó tutù.

Àwẹ̀ró kò sá lọ. Ó ti ń lọ tipẹ́. Lónìí, á gbé ìkòkò kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ ọlọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹní. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kó o lọ sí agbo ilé bàbá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n lé òun àti èéfín rẹ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí iwájú, ó ń retí àlejò.

Láṣebìkan ò lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tí ojú pọ̀ nílé rẹ̀ tó báyìí, wọn ò lè ní ó ń dá gbé.

Òjò dé. Láràárọ̀ ló ń fi àkísà nu ojú wọn, ó ń pè wọ́n lórúkọ tó sọ wọ́n fúnra rẹ̀. Wọ́n ń dán sí i ni. Nígbà tí òjò bá dá, tí ilé pa rọ́rọ́, ó máa ń gbọ́ ìró kékeré kan nínú ògiri, rẹ́kẹrẹ̀kẹ, bí ẹni ń jẹ àgbàdo yíyan ní yàrá kejì. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. A máa fi orí ti ẹ̀yìn àga, a máa gbọ́ ọ. Ó ní bóyá àwọn ère ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì buru kí ilé ní ohùn.

Ṣùgbọ́n bí ọdún mìíràn ṣe ń kan ilẹ̀kùn, àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ti dé eegun rẹ̀. Ó dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun yóò jó. Òun yóò gbé ẹlẹ́rìn-ín lọ bá Ẹgúnjọbí, òun yóò ní, “Àna burúkú, gbé ẹsẹ̀ ká lọ,” ìyẹn yóò bú òun padà, òun yóò sì gba ibẹ̀ mú ìyàwó òun wálé.

Ó na ọwọ́ sí ère náà. Ère tó máa ń tẹ ọrùn rẹ̀ rì tẹ́lẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Erùpẹ̀ dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí i padà, kò bá ẹ̀yìn. Ojú nìkan ló ṣẹ́ kù, fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, ọ̀dà ló dì í mú. Ó gbé ọkùnrin tó kọ ilà: erùpẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀bọ, eyín rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Inú ògiri ni ikán ti ń bọ̀, èèkàn tó kàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe afárá.

Ó fi aṣọ wé èyí tó kù lára ẹlẹ́rìn-ín, ó gbé e mọ́ àyà, ó forí lé agbo ilé àna rẹ̀. Ẹgúnjọbí ló kọ́kọ́ pàdé lójúde.

“Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá Bándélé,” ni Ẹgúnjọbí wí. Láṣebìkan dúró de èébú. Kò dé. Ẹgúnjọbí ti kọjá lọ.

Ilé ìdáná ni Àwẹ̀ró wà, ó ń ju ewé tútù sínú iná. Ó gbójú sókè. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, bí èéfín ò bá ní bà yín jẹ́.”

Láṣebìkan jókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kó jókòó. “Mo fẹ́ jó lọ́dún yìí,” ó ní.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹni tí wọ́n jọ ń jó.” Ó fi ẹnu júwe òkè. Ère Ẹgúnjọbí wà lórí àjà, dúdú bí ìdí ìkòkò, odindi. Tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èéfín ti ń mú un.

Láṣebìkan tú aṣọ, ó na ohun tó gbé wá sí i. “Mò ń nù wọ́n, Àwẹ̀ró. Kò sí àárọ̀ tí mi ò nù wọ́n.”

“Níbo lára wọn?”

“Ojú wọn.” Ó gbójú sókè wo àjà. “Nígbà tí wọ́n wà lórí àjà, ikán ò jẹ wọ́n. Èmi rò pé igi rere ni.”

Àwẹ̀ró gba ère náà. Kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó yí i padà, ó ki ìka bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìka náà gba àárín ẹ̀rín yọ síwájú.

“Jẹ́ ká máa lọ sílé,” Láṣebìkan ní. “Mo bẹ̀ ọ́. Kó ààrò rẹ padà sínú ilé ìdáná. Mi ò tún ní sọ̀rọ̀ èéfín mọ́.”

Iná fẹ́ kú. Àwẹ̀ró fi ojú igi náà sínú ààrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ó mú. Èéfín rẹ̀ gòkè lọ bá àwọn ère méjèèjì tó wà lórí àjà.

“Bàbá Bándélé,” ó ní, “ojú tí a gbé kọ́ ògiri, ẹ̀yìn ni ikán ń gbà jẹ ẹ́. Mi ò bá yín lọ. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àlejò ọdún ti ń wọlé níwájú.”