Agbọ̀n Erin àti Ẹyin Ìgbín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sọ́jà, kò yà sóko. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó fẹsẹ̀ kọ òkìtì pàǹtí, ó ṣubú lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó ṣubú lu Ìgbín aládùúgbò rẹ̀. Agbọ̀n kan wà nínú rẹ̀ tó gbé ohun tí wọn ò ní kó gbé. Ẹ fẹsẹ̀ mọ́ra kí n ráyè jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in, torí àlọ́ yìí kì í bá mi lára mu tí mo bá ti pa á dé ìdajì.

Láyé ìgbà yẹn, inú ilé ni Ìgbín ń gbé bíi gbogbo ẹranko yòókù. Ìjàpá náà kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ìjì wó ògiri ẹ̀yìn ilé Ìgbín. Gbogbo àlàpà rẹ̀ dà sójú ọ̀nà àgbàrá. Bẹ́ẹ̀, inú yàrá tó wà létí ọ̀nà àgbàrá yẹn ni Ìgbín yé ẹyin rẹ̀ sí, méjìdínlógójì, kò sì sí bó ṣe lè gbé wọn kúrò kí wọ́n má fọ́. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá dé tí àlàpà ṣì wà níbẹ̀, yàrá ni omi máa yà sí. Ìgbín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oorun ò kùn ún mọ́.

Erin ni kólẹ̀kólẹ̀ ìlú. Ó ní agbọ̀n méjì tó máa ń fi háyà fún ẹni tó bá ń tún ilé ṣe. Kékeré, iṣu kan. Ńlá, iṣu mẹ́fà. Ìgbín wo àlàpà rẹ̀, ó wo agbọ̀n méjèèjì, ó ní ńlá ni tòun. Gbogbo iṣu tó kù nílé rẹ̀ ló kó sílẹ̀.

Ìjàpá náà ti wó ilé tirẹ̀ lulẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ tuntun. Òkìtì àlàpà rẹ̀ ga ju òun alára lọ.

"Baálé mi, ẹ dúró kí ńlá yẹn padà dé," Yánníbo wí.

"Iṣu mẹ́fà? Kí èmi wá jẹ kí ni? Kékeré tó mi."

"Kò tó."

"Obìnrin, ó máa tó."

Erin sọ fún Ìgbín àti Ìjàpá pé, "Ọjọ́ karùn-ún ni n óò padà wá. Ẹ má kó o kọjá ẹnu agbọ̀n. Bó bá kọjá ẹnu, mi ò gbé e. Ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀, mi ò ní tú u wò. Ìdọ̀tí ni lójú tèmi."

Ọjọ́ kan péré, agbọ̀n Ìjàpá kún. Òkìtì rẹ̀ kò tilẹ̀ dín. Ìgbín ní tirẹ̀ ń kó díẹ̀díẹ̀, kò sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, agbọ̀n rẹ̀ ti dé ìdajì. Ìjàpá yọjú sí i.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wo bí ara yín ṣe gbẹ."

"Kí n ti ṣe é, Bàbá Ìjàpá? Òjò ti ń ṣú."

"Tó bá wá rọ̀ ńkọ́, kí lẹ fẹ́ fi bo ẹyin? Ewé gbòdògì ló yẹ. Ẹ lọ já a wá létí odò. Èmi àti Yánníbo á kó ìyókù sínú agbọ̀n kí ẹ tó dé. Kí la wá ń jẹ́ aládùúgbò fún?"

Omi bọ́ lójú Ìgbín. "Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ yìí, bí wọ́n bá jáde, bàbá ni wọn á máa pè yín."

Ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ó lọ, ó sì ń dúpẹ́ lójú ọ̀nà.

Kò tíì rìn jìnnà tí Ìjàpá fi da ohun tó wà nínú agbọ̀n Ìgbín padà sójú ọ̀nà àgbàrá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ sí i. Yánníbo ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Erin ń kọjá lọ sí òkè ìlú. Ó ní bí òun bá ń bọ̀ lòun máa gbé agbọ̀n. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan rèé. Ilé bàbá Ìgbín nilé tó wó yẹn. Bí ẹ bá ń gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ, ẹ máa gbọ́ ẹkún. Wọ́n á ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má dáhùn o. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe wọ́n."

"Ó yé mi," Erin wí.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Nígbà tí Erin lọ tán, Ìjàpá rí i pé àlàpà òun ti kọjá ẹnu agbọ̀n ńlá náà. Ó gun orí rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Kì, kì, kì. Igi àjà tó ti jẹrà dá lábẹ́ rẹ̀, ó rì sí àárín, amọ̀ àti koríko ògbólógbòó wó bò ó. Ibi tó ti ń wá ọ̀nà àtijáde ni Erin dé, tó gbé agbọ̀n sórí. Ìjàpá forin bẹnu, ṣùgbọ́n amọ̀ kún un lẹ́nu, ohùn rẹ̀ ò jọ ohùn ẹnikẹ́ni. Ẹ gbè é:

Erin o, ènìyàn ń bẹ níhìn-ín,
Kólẹ̀ lọ!
Èmi ni o, èmi kì í ṣe pàǹtí,
Kólẹ̀ lọ!
Sọ mí kalẹ̀, ojú ń pọ́n mi,
Kólẹ̀ lọ!

Ìgbín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá nílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti etí odò dé tòun ti ewé lórí. Ó rí àlàpà rẹ̀ lódindi lójú ọ̀nà àgbàrá, ó rí agbọ̀n tó ń lọ. Ó figbe ta: "Bàbá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Kì í ṣe tèmi lẹ gbé!"

Erin gbọ́ ẹkún lẹ́yìn, ó gbọ́ ẹkún lórí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, "ilé bàbá kì í tán lọ́kàn." Kò wẹ̀yìn. Ó lọ da agbọ̀n náà sínú ọ̀gbun, àlàpà àti Ìjàpá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà lòjò dé. Yánníbo sáré jáde tòun ti igbá, ó bá Ìgbín kó àlàpà. Kí ni àwọn méjì fẹ́ kó tán? Omi kò rí ọ̀nà rẹ̀, ó yà sí yàrá. Nígbà tí òjò dá, ewé gbòdògì ló léfòó lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá débí, ẹ má bi mí bóyá wọ́n rí ẹyin kan ṣoṣo. Wọn ò rí.

Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Igi àti koríko tí Ìjàpá kó jọ láti fi kọ́ ilé tuntun, àgbàrá wọ́ ọ lọ pátá. Yánníbo kó lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ọjọ́ keje ni Ìjàpá tó rá gòkè láti inú ọ̀gbun. Ó wo ibi tí ilé rẹ̀ wà, ó wo ojú ọ̀run tó tún ń ṣú. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìgbín.

"Ìyá Ìgbín, ẹ dákun, ẹ fún mi ní yàrá kan kí n fi sá fún òjò."

Ìgbín ò bú u. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Yàrá wà," ó ní. "Ó ti ṣófo."

Ìjàpá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Kò lè wọlé. Ó yí padà, ó ń lọ nínú òjò.

Ibi tí àlọ́ mi ti sọ ẹrù kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, kí ohùn mi há nígbà tí mo bá tún ń pè yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Ìjàpá kò fi wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń gba òjò. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí Ìgbín fi kúrò nílé ológiri, tí kì í yé ẹyin sí yàrá mọ́. Ilẹ̀ ló ń gbẹ́, á yé e síbẹ̀, á fi erùpẹ̀ bò ó, á sì máa lọ. Kì í dúró ṣọ́ wọn. Ó ti ṣọ́ wọn rí.