Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Olówó Rẹ̀

Láníyọnu àti Adélọwọ̀ jọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ní ìlú Òkè-Aràbà. Láníyọnu ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun náà ló sì gba òmìnira ní ọdún mẹ́ta ṣáájú èkejì. Láàárín àwọn bíríkìlà, irú ọdún mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kì í parẹ́. Ẹni tó bá ti ṣáájú ẹni po sìmẹ́ǹtì, ẹ̀gbọ́n ẹni ni títí ayé, kódà bí ẹni tó dé lẹ́yìn bá padà di olówó. Adélọwọ̀ mọ èyí, kò sì fi orúkọ pe Láníyọnu rí. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é.

Ipò ẹ̀gbọ́n yìí ní àǹfààní tirẹ̀. Igi ọdán kan wà níwájú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ bíríkìlà ti ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, mọ́tò kan péré ni òjìji rẹ̀ sì gbà. Fún ọdún méjìdínlógún, Pijó Láníyọnu ló ń sinmi níbẹ̀. Pijó ọ̀hún ti gbó lóòótọ́. Àmọ́ ó ti ru sìmẹ́ǹtì, ó ti ru iyanrìn, ó ti gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, kò sì já olówó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà rí. Pijó yìí àti máṣìn tí Láníyọnu fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ló ń bọ́ ilé rẹ̀.

Ìgbà tí Adélọwọ̀ rí iṣẹ́ fẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan gbà ni wàhálà dé. Ó ra jíìpù dúdú kan, èyí tí àwọn ọlọ́lá máa ń gùn. Ilé àwọn méjèèjì kọjú síra wọn, nítorí náà kò sí ohun tí jíìpù náà ṣe tí Láníyọnu kò rí. Láràárọ̀ ló máa ń dúró lójú fèrèsé. Á rí jíìpù tó fi ikùn lélẹ̀ gbalaja. Adélọwọ̀ á jáde, á ṣíná sí i, jíìpù á sì rọra máa gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi nàró.

"Àwẹ̀ró, sáré wá!" ló fi ń pe ìyàwó rẹ̀. "Wá wo mọ́tò tó ń kúnlẹ̀ kí olówó rẹ̀!"

"Bàbá Fọlárànmí, tiwa kì í kúnlẹ̀, àmọ́ ó ń lọ, ó sì ń bọ̀," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ìlara ti mú ọkùnrin náà débi pé ọbẹ̀ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Bó ṣe ń gbé Pijó lọ sábẹ́ ọdán, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ na ọwọ́ dá a dúró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún sọ́hùn-ún kí jíìpù ráyè." Adélọwọ̀ ní rárá o, pé àyè ẹ̀gbọ́n òun ni. Wọn ò gbọ́. Láníyọnu gbé Pijó lọ sínú oòrùn. Nígbà tí ìpàdé parí, sítíárìn jó o lọ́wọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ ọdán, ó sì búra pé òun náà yóò ra mọ́tò tó ń kúnlẹ̀.

Ó ta Pijó fún alágbàtà kan. Ó ta máṣìn búlọ́ọ̀kù. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ó kéré tán, ẹ kọ́kọ́ lọ bi Adélọwọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀."

"Èmi? Kí n lọ bi ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú?" Bó ṣe pa ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kì í bi àbúrò léèrè.

Níbi tí wọ́n ti ń ta tòkúnbọ̀, olùtajà fi jíìpù kan tó dúró ṣánṣán hàn án. Láníyọnu yí i po, ó yọ ṣùtì.

"Èyí kò kúnlẹ̀."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀, Bàbá?"

Láníyọnu nawọ́ sí ọ̀kan tó fi ikùn lélẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí eruku bò. "Ìyẹn ńkọ́?"

Olùtajà wo bàbá, ó wo jíìpù, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Hà! Bàbá, ẹ mojú ọjà o! Ìyẹn gan-an ni tàwọn ọlọ́lá." Iye kan náà pẹ̀lú èyí tó dúró ṣánṣán ló sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jayé orí rẹ̀ fún oṣù méjì. Lóṣù kẹta, ó ṣíná sí jíìpù láàárọ̀, jíìpù kò dìde. Ó ránṣẹ́ pe Múìdí mẹkáníìkì. Múìdí sùn sílẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ. Àwọn ló ń gba ìyà kòtò jẹ kó má baà dé ara yín. Ti mọ́tò yìí kì í ṣe irin lásán, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti ń jò tipẹ́."

"Kò jò! Ó máa ń kúnlẹ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Mọ́tò tí ara ẹ̀ le kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́jú. Àìsàn ni, Bàbá."

"Èló ni wọ́n ń tà á?"

Múìdí fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ kọ́kọ́ jókòó." Nígbà tó jókòó tán ló tó dárúkọ owó. Owó ọ̀hún ju iye tó ta Pijó lọ.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

Láníyọnu bẹ Múìdí kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa nu eruku ara jíìpù lọ. Jíìpù Adélọwọ̀ náà kì í sábà jáde mọ́, àmọ́ ojú ìlara kò jẹ́ kó ro nǹkan kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbé mọ́tò jáde lónìí?"

"Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Tìrẹ ńkọ́?"

"Mo ní kó sinmi, ẹ̀gbọ́n."

Láníyọnu á wọlé, á sì máa kanra. Adélọwọ̀ rí jẹ, ó ń fún mọ́tò nísinmi. Òun kò ní máṣìn, kò ní Pijó.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé tún pé, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú kí ojú má baà rí i. Ó ká agbádá lé èjìká, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Bó ṣe dé ìdí ọgbà kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣiṣẹ́. Kò sí mọ́tò mìíràn tó ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Pijó rẹ̀ yọ jáde nínú ọgbà náà, ẹni tó wà á sì fa fìlà bo ojú. Bí awakọ̀ ṣe rí i ló tẹ bíréèkì. Adélọwọ̀ ni.

Adélọwọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo rán alágbàtà wá rà á. Ọgbà àna mi ni mo ń gbé e pa mọ́ sí."

"Jíìpù rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń ṣàìsàn látọjọ́ tí mo ti rà á. Ṣọ́ọ̀kì méjì péré ló gbé gbogbo èrè fẹ́ǹsì mì, méjì tó kù ò sì ṣeé rà. Èmi náà máa ń yọjú wò yín lójú fèrèsé. Ẹ ó ṣíná sí Pijó, ẹ ó sì lọ. Mo jowú yín, ẹ̀gbọ́n. Mo jowú yín dọ́ba."

Omi lé ròrò sójú Láníyọnu. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, ẹ̀gbọ́n."

Láníyọnu ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níbi tí kò jókòó sí rí láti ọdún méjìdínlógún, ó sì wọlé.

Nígbà tí Pijó dúró sábẹ́ ọdán, alága ẹgbẹ́, Bàbá Ọ̀jẹ́lékè, béèrè pé jíìpù méjèèjì dà. Adélọwọ̀ ro ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Bàbá wo ògiri gbọ̀ngàn, níbi tí alángbá mẹ́ta ti ń yáàrùn, ó sì fi òwe kan dá a lóhùn. Àwọn kan á ní òwe tó pa lọ́jọ́ náà ti wà kí mọ́tò tó délẹ̀ wa. Kí wọ́n wá sí Òkè-Aràbà wá bá wa jiyàn. Jíìpù Láníyọnu ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, koríko ti hù yí i ká. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìlú wa, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń jowú ẹnìkejì, fi ń pa òwe Bàbá yìí pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.